Òkúta Mpape, Títì Abuja: Lámèyítọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Ìtọ́jọ́ Nínú Ẹ̀wọ̀n Ìpèsè Ọjà

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àkọmọ̀nà láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá káàkiri àgbáyé. Wọ́n ní kò tọ́ kí oníṣòwò máa wo èrè tirẹ̀ nìkan. Ó yẹ kí ó wo ohun tí ọjà rẹ̀ ń ṣe sí àyíká àti sí ọmọ ènìyàn, láti ibi tí wọ́n ti wa ohun èlò rẹ̀ nínú ilẹ̀ títí tó fi dé ọwọ́ ẹni tó lò ó. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ èyí tí yóò sọ pé kò dára. Àmọ́ iṣẹ́ lámèyítọ́ kọjá kí á kan sáárá sí ọ̀rọ̀ dídùn. Ìbéèrè tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé: nígbà tí olùrà bá ní kí ẹ̀wọ̀n ìpèsè ọjà òun mọ́, ta ni ó ń san owó ọṣẹ?

Èrò mi ni pé nínú àwọn ìwé òfin àti ìlànà tí a ń tọ́ka sí ní Nàìjíríà lónìí, olùrà kì í san án. Ìwé ẹ̀rí ló máa ń bèèrè. Iye tó fẹ́ san kì í yí padà. Ẹrù náà á wá máa sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi bọ́ sọ́rùn ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ. Mpape ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀nà tí òkúta ń gbà láti ara àpáta ibẹ̀ dé abẹ́ ọ̀dà títì kúrú débi pé ènìyàn lè fi ojú tẹ̀lé e láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ìlú tó wà lẹ́yìn òkè

Mpape wà lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Agbègbè Bwari ní Olú-Ìlú Ìjọba Àpapọ̀. Òkè olókùúta ló là á nípá sí Maitama, níbi tí àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè àti àwọn ọlọ́lá ń gbé. Àwọn Gbagyi ló ń dáko níbẹ̀ kí òfin ológun, Decree 6 ti ọjọ́ 4 oṣù Èrèlé 1976, tó sọ ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú-lóròó di ti ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ìjọba kó kúrò ní Èkó wá sí Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ 1991, ilé inú ìlú kò tó, owó rẹ̀ sì ju apá òṣìṣẹ́ lásán lọ. Awakọ̀, bíríkìlà, olóúnjẹ, ọlọ́dẹ àti akọ̀wé kékeré wá fi Mpape ṣe ibùgbé. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Haúsá, Tiv àti Idoma wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè nílò òkúta. Kò sí títì ọlọ́dà, kò sí afárá, kò sí ilé alájà tí a lè kọ́ láìsí òkúta wẹ́wẹ́. Òkúta-akọ ni òkè Mpape, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fọ́ ọ: àwọn ilé-iṣẹ́ ń lo àdó àti ẹ̀rọ ńlá ní ibi tí gbogbo ayé ń pè ní kúárì, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń lo òòlù àti iná. Típà ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ní 2012, ètò ìjọba olú-ìlú ni pé kí wọ́n wó Mpape palẹ̀ nítorí pé kò bá àwòrán ìlú Abuja, tí wọ́n ti yà láti 1979, mu. Àwọn ará ibẹ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní oṣù Èrèlé 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ti Abuja dá wọn láre, ó sì dá ìjọba dúró. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Òkúta Mpape bá àwòrán ìlú mu, nítorí pé òun ni wọ́n fi ya àwòrán náà sórí ilẹ̀. Àwọn ènìyàn Mpape ni kò bá a mu. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìpèsè ọjà tó ṣe é gbára lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọjà kan ṣe lè bófin mu nígbà tí àwọn tó ń gbé níbi tí wọ́n ti ń wà á kò bófin mu.

Ohun tí orúkọ ń fi pamọ́

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé èdè ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní àpérò yìí, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò. “Ẹ̀wọ̀n ìpèsè ọjà” jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ní èdè Yorùbá, ẹ̀wọ̀n ni ohun tí a fi ń de ènìyàn, ó sì tún jẹ́ ilé tí a ń sé ọ̀daràn mọ́. N kò ní kí á ju ọ̀rọ̀ náà nù, ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n kí òun tó dé, a ti ní orúkọ fún àwọn tó ń gbé ọjà láti oko dé ìsọ̀: olóko, alájàpá, alárobọ̀, òṣómàáló. Ènìyàn ni gbogbo wọn. Bí mo bá dárúkọ alájàpá, ẹ̀yin náà lè bi mí pé ṣé ó jẹun, ṣé wọ́n san owó rẹ̀, ṣé ó dé ilé láyọ̀. Ta ló máa bi èékánná irin nínú ẹ̀wọ̀n pé ṣé ó jẹun?

Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí tí àwọn kan ń pè ní “alágbéró”. Ní tèmi, mo yan “ìtọ́jọ́”, nítorí pé ìyá arúgbó tí kò ka ìwé rí mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé aṣọ tọ́jọ́. Síbẹ̀ ó ní àbùkù tirẹ̀. Ohun tó tọ́jọ́, ta ló tọ́jọ́ fún? Kúárì náà lè tọ́jọ́. Gbèsè lè tọ́jọ́. Ìwà ìrẹ́jẹ a máa tọ́jọ́ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta wà tí a ti ní láti ayé àwọn bàbá wa, èyí tí àwọn ìwé tuntun kò ní irú rẹ̀: ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn a máa gbé nǹkan tọ onílẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe owó tí wọ́n fi ra ilẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ni pé gbèsè mi sí ilẹ̀ yìí kò tíì tán níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń kórè níbẹ̀. N kò fẹ́ fi oyin sí i: ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n sì fi ni lára. Ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú rẹ̀, pé ẹni tó ń jẹ èrè ilẹ̀ kì í san án lẹ́ẹ̀kan kó máa lọ, ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ìwé tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò wọ̀nyí.

Kí ni àwọn ìwé náà sọ?

Ìlànà Ìṣàkóso Ilé-iṣẹ́ ti 2018, tí Financial Reporting Council gbé jáde, ní ìlànà 28. Ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n ló sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jọ́. Ohun tó ń sọ, ní kúkúrú, ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá kíyè sí àyíká, àwùjọ àti ìlera, yóò ṣe dáadáa fún ìgbà pípẹ́, ojú ọmọ ìlú rere ni wọn yóò sì máa fi wò ó. Ẹ wo ìdí tó fi sílẹ̀: àṣeyọrí ilé-iṣẹ́ àti ojú tí ayé fi ń wò ó. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé eruku tó ń bo ìkòkò ọbẹ̀ ní Mpape kò dín èrè ẹnikẹ́ni kù ńkọ́? Ìlànà náà kò ní ohun tó lè fi mú un. Ẹ̀sìn tó ní kí o ṣe rere nítorí èrè nìkan ti fún ọ láyè láti dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí èrè bá lọ sí ìhà kejì.

Ìwé kejì ti òkèèrè wá. Ní oṣù Òkúdù 2023 ni àwọn tó ń ṣòfin ìṣirò owó fún àgbáyé gbé IFRS S1 àti S2 jáde. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tètè gbà wọ́n, ètò tí wọ́n sì ṣe ni pé kí ó di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti 2028. S2 ní kí ilé-iṣẹ́ ka èéfín tó ń mú ayé gbóná, kì í ṣe ti ọgbà tirẹ̀ nìkan, bí kò ṣe ti gbogbo àwọn tó ń tà fún un àti àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta ni wọ́n ń pè é, ó sì ní ẹ̀ka 15. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n èéfín nìkan ni ìsọ̀rí náà ń wọ̀n. Dísù típà yóò wọ inú ìṣirò náà. Eruku òkúta kò ní wọ̀ ọ́, nítorí pé kì í mú ayé gbóná. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bàjẹ́. Òkúta-akọ ní silica nínú. Bí eruku rẹ̀ tó kúnná bá ń wọ àyà ènìyàn fún ọdún púpọ̀, ó lè di àrùn silicosis, èyí tí kò ní ìwòsàn. Omi tí wọ́n bá fi wọ́n òkúta nígbà tí wọ́n ń fọ́ ọ a máa dín eruku kù. Omi yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ará Mpape ń rà nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mairúwà, bẹ́ẹ̀ sì ni omi kì í wọ inú ìṣirò èéfín.

Ìwé kẹta ni ó dùn mí jù, nítorí pé ìjọba tìkára rẹ̀ ni olùrà níbẹ̀. Òfin Ìrajà Ìjọba ti 2007, ní abala 24, ní ẹni tí iye owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n iṣẹ́ ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ìdí rere wà fún èyí: kí olóṣèlú má baà gbé iṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ ní iye tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ìṣirò iṣẹ́ títì. Wọ́n á kọ bí òkúta ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, bí ó ṣe gbọ́dọ̀ le tó, àti bí ó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó lábẹ́ ọ̀dà. Bí ìwé náà kò bá bèèrè ibi tó ti wá àti bí wọ́n ṣe fọ́ ọ, agbaṣẹ́ṣe tó fi owó omi, owó ìbòmú àti owó àyẹ̀wò ògiri aládùúgbò kún iye tirẹ̀ yóò pàdánù iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ẹni tí kò fi kún un. Òfin tó fẹ́ dènà olè ló wá ń fi ìyà jẹ ẹni tó fẹ́ ṣe dáadáa.

Ìwé kan ló sún mọ́ ìṣákọ́lẹ̀. Òfin Ohun Àlùmọ́nì àti Ìwakùsà ti 2007, ní abala 116, sọ pé ẹni tó gba ìwé àṣẹ kúárì gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ wọn, iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀nà, omi, ìtọ́jú àyíká. Èyí dára gan-an. Kùdìẹ̀-kudiẹ méjì ni mo rí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àdéhùn náà kì í bá òkúta rìn. Aláṣẹ kúárì ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Agbaṣẹ́ṣe tó ra típà mẹ́wàá lójú ọ̀nà kò sí nínú rẹ̀, ilé ìfowópamọ́ tó yá agbaṣẹ́ṣe lówó kò sí nínú rẹ̀. Èkejì sì le jù: ní Mpape, ta ni “ìlú” tí òfin ń sọ? Ṣé àwọn Gbagyi tí òfin 1976 gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni, tàbí ayálégbé tí ògiri rẹ̀ ń mì ní gbogbo ìgbà tí àdó bá dún? Onílé lè tọwọ́ bọ̀wé kí ayálégbé máa fa eruku símú.

Nígbà tí ilẹ̀ mì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2018, ilẹ̀ mì ní Mpape, Maitama náà sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Àwọn ará àdúgbò di ẹ̀bi ru kúárì. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àpáta tó ti là lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nípa bọ́ọ̀hóòlù tó pọ̀ jù ní Abuja àti nípa àdó tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. N kò wá dá ẹjọ́ yìí. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ni. Ohun tó kàn mí ni pé ọ̀rọ̀ Mpape di ọ̀rọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́sẹ̀ náà nítorí pé ìmìtìtì náà ré òkè kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn olówó. Eruku kì í sábà ré òkè yẹn kọjá. Bí ìjábọ̀ ìtọ́jọ́ kan bá jẹ́ èyí tó ń gbọ́ ohun tó bá ré òkè kọjá nìkan, a jẹ́ pé ìwé ìròyìn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ewu tó wà nínú ìmọ́tótó

Ẹnìkan lè sọ pé ojútùú rẹ̀ rọrùn: kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá má ra òkúta lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí á ti ṣọ́ra jù lọ. Obìnrin tó ń fi òòlù fọ́ òkúta lábẹ́ àgbọ́n, tó ń kó o jọ ní òkìtì òkìtì de típà, kò ní ìwé àṣẹ, kò sì ní ní in láé. Bí wọ́n bá gé e kúrò, ìwé yóò mọ́ tónítóní. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì wa ló máa fi ojú rí i.

Kì í ṣe àlá ni mo ń lá. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣòfin ní 2010 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ sọ bóyá ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń lò ti ibi ogun ní Kóńgò wá, ọ̀pọ̀ olùrà kò wádìí rárá. Ńṣe ni wọ́n pa agbègbè náà tì, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn awakùsà tí kò gbé ìbọn rí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́lọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2023 lórí igbó ní kí kòkó tó bá wọ ọjà wọn ní àmì ibi tí oko rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ayé, kó sì dájú pé wọn kò gé igbó nítorí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Igbó nílò ààbò, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní oko éékà méjì ní Ìdànrè kò lè fi owó ara rẹ̀ ya àwòrán oko, ẹni tó ń ta ṣokoléètì ní Brussels ló lè ṣe é. Bí olùrà kò bá san án, òfin tó fẹ́ gba igbó là yóò di ògiri tí wọ́n mọ síwájú àgbẹ̀ kékeré.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè fún Mpape kò ju pé kí iye owó òkúta yí padà kí ìwé tó yí padà. Kí owó omi tí wọ́n fi ń pa eruku, ìbòmú, àyẹ̀wò àyà òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún àti àtúnṣe ògiri tó bá là wà nínú ìwé ìṣirò iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dà ti wà níbẹ̀, kí ó jẹ́ iye kan náà fún gbogbo agbaṣẹ́ṣe tó ń du iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àìsan án borí. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn afọ́kùúta ọlọ́wọ́ kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ náà lè ní ìwé àṣẹ tí ẹnìkọ̀ọ̀kan kò lè ní. Òfin ìwakùsà wa fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn awakùsà ọlọ́wọ́. Wọn yóò ní títì yóò wọ́n. Ó ti wọ́n tẹ́lẹ̀. Àyà ènìyàn ni wọ́n fi ń san ìyókù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwa olùkọ́

Àwòrán tí a fi ń kọ́ni nípa ẹ̀wọ̀n ìpèsè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ okòwò kò tíì yí padà láti ìgbà tí èmi náà fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: ohun èlò, aṣe-ọjà, alágbàtà, alátùntà, ẹni tó ń lò ó. Ọfà tààrà ló so wọ́n pọ̀. Ohun èlò kàn wà níbẹ̀ ṣáá, bíi pé láti ọ̀run ló ti bọ́. Nígbà kan mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ya ẹ̀wọ̀n ògiri kíláàsì tí a jókòó sí. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Ọ̀kan tó ń gbé Mpape ló bi mí pé níbo ni kí òun ya ògiri ilé àwọn tó là sí. Kò sí àyè fún un nínú àwòrán tí mo kọ́ wọn, èmi sì ni mo kọ́ wọn.

Láti ìgbà náà, ọ̀tọ̀ ni bí mo ṣe ń gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan ohun kan tó wà nínú kíláàsì, yóò sì tẹ̀lé e padà sẹ́yìn dé ibi tí ilẹ̀ ti là. Níbi kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ iṣẹ́ ènìyàn tó wà níbẹ̀ ní èdè abínibí tirẹ̀, iye tí wọ́n ń san fún un, omi tó ń lò, àti ẹni tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ láìsí nínú òwò náà rárá. Ẹni ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, máàkì rẹ̀ sì ni mo fi ga jù. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gbagyi pé wọ́n ní orúkọ fún oríṣiríṣi òkúta tí èmi kò mọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó yẹ kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka okòwò jọ máa ṣàkójọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí á lè fún àwọn tó ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní Bwari ní ìwé kékeré kan tí wọ́n lè mú dání.